Àlàfo Tí Wọn Ò Kọ́lé Sí

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kejì

A ṣí tapólì kúrò lórí kòtò ìwalẹ̀ wa lónìí. Ejò kan, àkèekèe mẹ́ta, àti omi dídúró tó ti ń rùn. Baba Ṣọ́bìrì, àgbà nínú àwọn òṣìṣẹ́ wa, ní ejò náà ló ti ń bá wa ṣọ́ ibẹ̀ láti ọdún tó kọjá, ó yẹ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti pa á kó tó parí ọ̀rọ̀ náà. Òtútù àárọ̀ pọ̀. Èèkàn ti gbówó lórí, okùn náà bẹ́ẹ̀, mo bá ní kí wọ́n tú àwọn ti ọdún tó kọjá kí wọ́n so wọ́n mọ́ra.

Ìgbìmọ̀ ìlú ti ránṣẹ́ sí wa. Láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mì lọ́dún tó kọjá, tí ògiri ilé ẹ̀kọ́ fi sán, ni wọ́n ti fẹ́ kọ́ tuntun sí ìsàlẹ̀, lódìkejì títì ọlọ́dà. Wọ́n fẹ́ mọ ibi tí ilẹ̀ ti là gan-an kí wọ́n má baà kọ́ ọ lé e lórí. Wọ́n ní nígbà tó jẹ́ pé àwọn ará àtijọ́ tí à ń wa ilé wọn yìí ti bá ilẹ̀ mímì gbé rí, inú kòtò wa ni kí ẹni tó gbọ́n nípa rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n fún un. Wọ́n ti yan ẹni náà.

Àbúrò mi ni.

Màámi ti gbọ́ kí n tó délé. Mo bá a tó ń gbá yàrá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Ó dé lọ́sàn-án. Ọkọ̀ tó gbé wá ga débi pé ńṣe ló fò sílẹ̀ láti inú rẹ̀. Ó dì mọ́ mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti rù." Mo ní iṣẹ́ ni. Òórùn dáadáa ló ń ta lára rẹ̀, òórùn kòtò ló ń ta lára mi.

Màámi ti kó ẹrù mi kúrò lórí ibùsùn ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó kó o sórí èyí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní àlejò ni ọmọ náà. Láti ìgbà tí mo ti padà sílé ni mo ti ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn, ibẹ̀ ni mo ti máa ń wo ojú ọjọ́ kí n tó mọ̀ bóyá a óò lè wa ilẹ̀. Mo ní kò burú. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Ẹyin méjì ni Màámi dín fún un. Ó dín ọ̀kan fún mi. Ẹyin sì wọ́n lásìkò yìí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo mú un yí kòtò ká. Ibi títì mi ni mo kọ́kọ́ mú un lọ.

Kí n má déènà pẹnu, títì yẹn ni ohun kan ṣoṣo tí mo ṣe láyé yìí tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé. Ọdún kejìlélógún rèé tí mo rí i pé ìlà ìpìlẹ̀ ilé méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí àlàfo mítà mẹ́fà sì wà láàárín wọn láìsí òkúta ilé kan lórí rẹ̀, láti ìdí ìsun omi títí lọ sí ìsàlẹ̀. Èmi ni mo yà á. Èmi ni mo ní títì ni. Nínú ìwé ńlá tí ọ̀gá wa kọ kó tó kú, orúkọ mi wà lójú ewé kẹtàlélọ́gọ́rin, lábẹ́ àwòrán náà, ní lẹ́tà tín-ín-tìn-ìn-tín. Mo mọ ojú ewé náà bí ẹni mọ ilẹ̀kùn ilé rẹ̀.

Àbúrò mi dúró lórí rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Dókítà" ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń pè é. Èmi tí mo ti wà níbẹ̀ kí òmíràn nínú wọn tó tó gbé ṣọ́bìrì, "Ìyá Kòtò" ni mò ń jẹ́. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Iṣẹ́ àkísà sì ni iṣẹ́ wa.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Lákòókò ìsinmi, ó jókòó sórí bárò tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó ń ṣàlàyé fún wọn ìdí tí àwọn ará àtijọ́ fi tẹ̀dó síbi tó léwu. Ó ní ibi tí ilẹ̀ ti là yẹn ló fún omi lọ́nà láti gòkè wá. Ó ní ilẹ̀ tó ń mì náà ló gbé òkè yìí ga, tí ọ̀tá kò fi lè yọ́ wọ̀lú, tí iyanrìn àti ẹrẹ̀ tó ń ṣàn kúrò lára rẹ̀ sì di ilẹ̀ olọ́ràá sísàlẹ̀ fún oko. Ó ní ohun tó ń pa wọ́n náà ló ń bọ́ wọn, wọn ò lè yan ọ̀kan kí wọ́n fi ìkejì sílẹ̀. Gbogbo wọn la ẹnu sílẹ̀. Baba Ṣọ́bìrì gbàgbé búrẹ́dì sọ́wọ́.

Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún un. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà, à ń pọnmi bọ̀, ó bi mí pé kí ló dé tí omi ń jáde láti inú àpáta. Mo ní omi kì í ṣàdédé jáde, ilẹ̀ ló lanu fún un. Ọ̀rọ̀ mi náà ló ti lọ sí yunifásítì, tó ti wọ aṣọ kóòtù, tó wá ń bá mi pàdé bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

Àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́ fún un. Mo ní àkókò ìsinmi ti tán.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Òjò tí kò yẹ kó rọ̀ rọ̀. A bo kòtò. Ó ra ìbọ̀wọ́ tuntun fún mi nítorí ọwọ́ mi tó ń bó. Ó bá ọwọ́ mi mu gẹ́ẹ́, ìyẹn náà bí mi nínú.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ó ṣẹlẹ̀ lónìí.

Ó ní kí n mú irin tí a fi ń dán ilẹ̀ wò, kí n fi gún àárín títì. Irin wọlẹ̀ dé ìdí. Ó ní kí n lọ gún ẹ̀yìn àwọn ilé náà, níbi tí kò sẹ́ni tó pè ní títì. Irin ta padà. Ó ní ibi tí ènìyàn àti ẹran ọ̀sìn bá ti rìn fún igba ọdún, ó yẹ kó le bí ilẹ̀ inú ilé. Ó wá ní kí n wo ibi tí ojú ilẹ̀kùn wọn wà. Mo wò ó. Gbogbo ilé tó wà lọ́tùn-ún àti lósì ló kẹ́yìn sí àlàfo náà. Ọdún méjìlélógún ni mo fi ya àwọn ilẹ̀kùn yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, n kò bi ara mi rí pé ta ló ń kọ́lé sẹ́bàá títì tó máa wá kẹ́yìn sí i.

Ó rọra sọ ọ́, kò jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ gbọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, títì kọ́ lèyí. Ibi tí ilẹ̀ ti là nìyí. Wọ́n fi í sílẹ̀ ni, wọn ò jẹ́ kọ́lé sí i."

Mo ní kó gbájú mọ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ó ní, "Iṣẹ́ náà nìyí, mà." Ó pè mí ní mà, bí ẹni ń bẹ ọmọ kó má sunkún. Ì bá sàn kó bú mi.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ó lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ láàárọ̀. Mo fa àpótí irin jáde lábẹ́ ibùsùn, mo kó àwọn ìwé àkọsílẹ̀ mi àtijọ́ sórí ẹní. Mo fẹ́ rí ibì kan tí mo ti kọ ọ́ pé ilẹ̀ títì náà le, kí n lè tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lójú.

N kò rí i. "Ilẹ̀ rọ̀" ni mo rí. Ìgbà mọ́kànlá, pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, láti ọdún àkọ́kọ́. Mo ń kọ ọ́, mi ò gbọ́ ohun tí mò ń kọ.

Mo sì tún rí nǹkan mìíràn. Kòtò keje àti ìkẹjọ, tí mo wà ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn kí wọ́n tó da ọ̀dà sí títì tó wà nísàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè wa ibẹ̀ mọ́, ọkọ̀ ló ń gba orí rẹ̀ kọjá. Èmi nìkan ni mo dá ibẹ̀ yà. Àlàfo náà kò lọ tààrà. Nínú kòtò keje ó yà sósì. Nínú ìkẹjọ ó tún yà sí i.

Àbúrò mi kò mọ̀. Okùn tó ta láti inú kòtò wa lọ tààrà ni, bó sì ṣe ta á yẹn, ẹ̀yìn ilẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ tuntun ni ojú ibi tó là náà gbà kọjá, ó jìnnà sí i ní ogójì mítà. Ṣùgbọ́n bó bá yà bí ìwé mi ṣe wí, àárín ilẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ló gbà.

Mo dá ìwé náà padà sínú àpótí, mo kó aṣọ òtútù lé e lórí. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Bí mo bá gbé e fún un, á gba títì mi, ìwé mi ló sì máa fi gbà á. Wọ́n á tún pàtẹ́wọ́ fún un. N óò sọ ọ́ bó bá yá. Wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ nǹkan kan.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ilẹ̀ mì láàárọ̀ yìí. Kò le púpọ̀, kò ju ìgbà tí ènìyàn fi ń ka ẹẹ́wàá lọ. Ife tíì rìn láti àárín tábìlì dé etí rẹ̀, ó dúró. Àbúrò mi ti wà ní kòtò. Èmi ni mo wà nílé. Èmi ni mo fa Màámi dìde, tí mo tì í sábẹ́ férémù ilẹ̀kùn, tí mo fi ẹ̀yìn mi bò ó. Ó di aṣọ mi mú pinpin, ó ń ké, orúkọ àbúrò mi ló ń ké.

Nígbà tó rọlẹ̀, ó ní, "Sáré lọ wò ó, bóyá kòtò ti ya lù ú." Mo lọ. Kòtò ò ya lu ẹnikẹ́ni. Ó dúró sórí òkìtì erùpẹ̀, ó ń ya fọ́tò, inú rẹ̀ sì ń dùn bí ẹni tí wọ́n kí kú ọjọ́ ìbí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Ó bi mí níbi tí a ti ń fọ àpáàdì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀gá kọ ọ́ sínú ìwé ńlá pé kòtò keje àti ìkẹjọ wà rí lábẹ́ títì ọlọ́dà. Ṣé ìwé àkọsílẹ̀ wọn wà lọ́wọ́ yín?"

Mo ní ikán ti jẹ ẹ́.

Ó ní ó mà ṣe o. Ó bá mi kẹ́dùn gan-an. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ yín, kí ikán kàn jẹ ẹ́ báyẹn. Mo ń fọ àpáàdì kan náà títí tí àwọ̀ ara rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ó gbé máàpù rẹ̀ fún ìgbìmọ̀. Tààrà ló fa ìlà náà. Ó kọ ọ́ sí i pé òun kò rí ẹ̀rí kankan láti abẹ́ títì ọlọ́dà, ṣùgbọ́n ibi tí òun dé nìyí. Wọ́n ní ó ti tó. Bíríkìlà ti ń kó búlọ́ọ̀kù. Sìmẹ́ńtì fẹ́ tún gbówó lórí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí náà wọ́n ń kánjú.

Màámi gbé fọ́tò rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn kọ́ sára ògiri, pẹ̀lú ìṣó mẹ́rin. Mo bá a di ìṣó náà mú.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Mo rìn lọ síbi ilé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́, n kò mọ ohun tí mo fẹ́ lọ wá. Bíríkìlà rí mi, inú rẹ̀ dùn, ó ní òun ti ń retí kí ọ̀kan nínú àwa awalẹ̀ wá wo iṣẹ́ òun. Ó mú mi lọ sẹ́bàá ihò ìpìlẹ̀. Ó ní, "Ẹ wo apá ibí, mà, ó le bí irin. Ẹ wá wo apá ọ̀hún, ó rọ̀ bí búrẹ́dì. N kò rí irú rẹ̀ rí. Mo ti ní kí wọ́n da kọ́ńkéré ìlọ́po méjì síbẹ̀." Ó ń wojú mi kí n yìn ín.

Mo yìn ín. Mo ní ó káre.

Ó kà á fún mi, yàrá mẹ́fà, ogójì ọmọ ní yàrá kọ̀ọ̀kan. Mo wá sílé. Àbúrò mi bi mí pé kí ló ṣe mí, mo ní oòrùn ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Wọ́n da kọ́ńkéré lónìí. Mo ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ rẹ̀ láti inú kòtò.

A wa àárín àlàfo náà wálẹ̀ ju bí mo ṣe wà á rí lọ. Àbúrò mi ló ní ká ṣe é. Ní mítà méjì, a kan ilé. Ilé kan wà lórí àlàfo yẹn rí, èyí tó dàgbà ju gbogbo èyí tí mo ti ń yà lọ. Ó pín sí méjì láàárín gbùngbùn. Ilẹ̀ yàrá apá kan rẹ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ kan rẹlẹ̀ ju apá kejì lọ. Ọlọ àti ọmọ ọlọ ṣì wà níbi tí wọ́n gbé wọn sí, ọlọ lápá òkè, ọmọ ọlọ lápá ìsàlẹ̀.

Lórí ilé tó wó yẹn, ẹnì kan to òkúta ní ìlà méjì, ìlà kan sí etí kọ̀ọ̀kan àlàfo náà. Òkúta odò ni, a sì mọ̀ bí odò ṣe jìnnà tó. Kì í ṣe ìpìlẹ̀, kì í ṣe ògiri, kò gbé nǹkan kan dúró. Àwọn tó kọ́lé lẹ́yìn wọn dúró síbi òkúta yẹn, wọ́n kẹ́yìn sí i, wọ́n sì ń pọnmi nínú ìsun kan náà fún igba ọdún. Wọn ò sá kúrò. Ibi tí wọn kò gbọdọ̀ fi ara kàn ni wọ́n mọ̀.

Baba Ṣọ́bìrì bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ pa òkúta kan. Ó ní, "Ẹni tó to èyí ti rí nǹkan. Ó sì sọ fún àwọn ọmọ."

Ó lè jẹ́ pé ẹni náà ní àbúrò tí àwọn òbí fẹ́ràn jù ú lọ. Ó lè jẹ́ pé ìlara ń jẹ ẹ́ bó ṣe ń jẹ mí. Ó ru òkúta láti odò síbẹ̀.

Mo sọ fún wọn pé orí ń fọ́ mi, mo wá sílé. Ìwé náà wà nínú àpótí. N kò gbé e jáde. Mo jókòó sórí àpótí náà títí wọ́n fi dé.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Mo gbé e fún un nídìí tábìlì, lẹ́yìn oúnjẹ ìrọ̀lẹ́, nígbà tí Màámi lọ sílé aládùúgbò.

Ó nu ọwọ́ kó tó ṣí i. Ó ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé kòtò keje, ìka náà dúró. Ó ṣí ìkẹjọ. Ó padà sí keje.

"Ẹ ní ikán ti jẹ ẹ́."

Mo ní irọ́ ni mo pa.

"Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

Mo lè ní àná ni mo rí i. Kò sí ọjọ́ kankan lórí ìwé tó lè já mi. Mo ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù tó kọjá. Ó fi ìka kà á. Ọjọ́ méjìdínlógún.

"Kí ni mo ṣe fún yín?"

Mo ní, "O ò ṣe nǹkan kan fún mi. O kàn ń ṣe dáadáa ni. O dé, wọ́n fún ọ ní fèrèsé mi. O fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, o mọ ohun tí mi ò mọ̀ fún ọdún méjìlélógún. Mò ń jowú rẹ. Kò sí ohun mìíràn ńbẹ̀."

Ó wò mí. Mo rò pé á sunkún tàbí á gbá mi létí, èyíkéyìí nínú méjèèjì ni mo ti múra sílẹ̀ fún. Ó ní, "Àná kọ́ ni wọ́n da kọ́ńkéré yẹn?" Mo ní ìjẹta ni. Ó ti ìwé náà pa, ó lọ fóònù bíríkìlà. N kò rí ojú oorun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

A débẹ̀ kí oòrùn tó yọ dáadáa, àwa méjèèjì, Baba Ṣọ́bìrì, àti bíríkìlà. A wa ihò mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpìlẹ̀. N kò jẹ́ kí ẹlòmíràn wa ìkẹta. Ní mítà kan ààbọ̀, mo rí i bí mo ṣe yà á nínú kòtò kẹjọ gan-an: ilẹ̀ pupa lápá kan, ilẹ̀ dúdú lápá kejì, àti ìlà tó là wọ́n láàárín. Tààrà ló wọ abẹ́ yàrá kẹta àti ìkẹrin.

Bíríkìlà jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Ó bọ́ fìlà rẹ̀. Ó ní kí wọ́n sọ fún òun bí òun á ṣe fọ́ ohun tí òun fi ọwọ́ ara òun dà. Àbúrò mi ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Kò bá mi sọ̀rọ̀.

Mo gbọ́dọ̀ kọ èyí náà sílẹ̀: nígbà tí ìlà yẹn hàn níbi tí mo ní ó wà, inú mi dùn. Ó dùn fún bí ìgbà tí ènìyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀kan. Òtítọ́ ni.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Mò ń kọ èyí lọ́sàn-án, nílé, lórí ibùsùn ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ìpàdé ìgbìmọ̀ jẹ́ agogo mẹ́sàn-án. Gbọ̀ngàn kún. Àwọn òbí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ dúró dé ojú fèrèsé. Màámi jókòó níwájú, ó wọ bàtà tí kì í wọ̀. Bíríkìlà wà nídìí ògiri pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo jókòó sẹ́yìn, ìwé àkọsílẹ̀ mi wà níwájú àbúrò mi lórí tábìlì.

Ó dìde. Ó fi máàpù tuntun hàn wọ́n. Ó ṣàlàyé bí ìlà náà ṣe yà lábẹ́ títì ọlọ́dà, pé ẹ̀gbọ́n òun tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún yẹn ló yà á ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, pé ọwọ́ tó yà á dára ju ẹ̀rọ òun lọ. Ó fi ìlà òkúta méjèèjì hàn wọ́n nínú fọ́tò. Ó ní ká sún ilé ẹ̀kọ́ náà sókè ní ọgọ́ta mítà, ká fi ibi tó là sílẹ̀ fún koríko àti eré ọmọdé, nítorí ilẹ̀ tó mì kò lè wó koríko lu ẹnikẹ́ni. Kò sẹ́ni tí kò yé.

Ẹnì kan wá pariwo láti ojú fèrèsé pé kí ló dé tí wọn ò fi sọ ọ́ kí wọ́n tó da kọ́ńkéré. Gbogbo gbọ̀ngàn gbà á lẹ́nu rẹ̀. Alága ní kí Dókítà dáhùn.

Ó ní, "Èmi ni mo pẹ́. Mo kánjú fa ìlà náà, n kò wádìí rẹ̀ tó. Ẹ̀bi náà, tèmi ni."

Kò wo ẹ̀yìn. Ó kàn dúró síbẹ̀, ó gbé e rù. Mo gbọ́ bí gbọ̀ngàn náà ṣe rọlẹ̀. Alága mi orí, ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń bá àwọn ọ̀mọ̀wé jókòó, òun kò tíì rí èyí tó ń fẹnu ara rẹ̀ gba ẹ̀bi báyìí rí. Ìyá kan ní ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni. Màámi ń nu ojú. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, ẹlòmíràn bá a pa á, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ẹ̀bi.

Ara mi gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀. Fèrèsé, ó gbà á. Títì, ó gbà á. Ẹnu Màámi, ó gbà á kí n tó bí eyín. Ní gbogbo àsìkò yìí, ohun kan ṣoṣo ló jẹ́ tèmi pátápátá, tí mo ṣe fúnra mi, tí kò sẹ́ni tó bá mi dá sí i, ìyẹn náà ló gbé dání yẹn tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ yìn ín. N kò lè fi í sílẹ̀ fún un. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ka èyí mọ̀ pé kì í ṣe ìwà rere ló gbé mi dìde.

Mo dìde. Mo ní, "Irọ́ ló ń pa. Tèmi ni."

Alága ní kí n jókòó, pé a ti gbọ́ ti Dókítà. N kò jókòó. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: àpótí, aṣọ òtútù, ikán tí kò jẹ nǹkan kan. Mo ní ọjọ́ méjìdínlógún ni mo fi mọ̀ pé abẹ́ yàrá àwọn ọmọ ni ilẹ̀ ti là, mo sì dákẹ́, nítorí n kò fẹ́ kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún àbúrò mi. Mo ní ohun tí mo pè ní títì, kì í ṣe títì, kí wọ́n pa á rẹ́ nínú ìwé.

Kò sẹ́ni tó pariwo. Mo ti rò pé wọ́n á pariwo. Bíríkìlà ló sọ̀rọ̀, láti ìdí ògiri, ohùn rẹ̀ kò ròkè.

"Ọjọ́ Ajé tó kọjá, mà, tí mo mú yín wá wo ilẹ̀ yẹn. Ẹ ti mọ̀ nígbà yẹn?"

Mo ní, "Mo ti mọ̀."

"Ẹ sì ní mo káre."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Gbogbo wọn yíjú sí mi, àwọn tó jókòó, àwọn tó wà lójú fèrèsé, Màámi pẹ̀lú bàtà rẹ̀. Láti ọjọ́ tí àbúrò mi ti dé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnì kankan kò wò ó.